Curtis Mayfield: Olórin tó fi orin bá fíìmù jiyàn

Tí wọ́n bá dárúkọ fíìmù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1970, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni aṣọ: ẹ̀wù gígùn tó balẹ̀, fìlà ńlá, bàtà gíga, mọ́tò gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń dán yinrin. Lẹ́yìn aṣọ ni orin. Gìtá ń ké, báàsì ń rìn nílẹ̀ bí ẹni ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn lóru, fèrè ń dáhùn láti ẹ̀yìn. Ẹni tí kò wo ọ̀kan rí nínú àwọn fíìmù náà pàápàá máa mọ orin wọn tó bá ti gbọ́ ọ, torí àwọn olórin rap kò yé gé e lò títí di òní.

Curtis Mayfield wà lára àwọn tó dá orin yẹn sílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 25 tó ti kú. Ìdí tí a fi yàn án láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ohun tó ṣe lọ́dún 1972. Wọ́n gbé iṣẹ́ orin fíìmù kan fún un. Nígbà tó rí àwòrán fíìmù náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò torí ẹ̀ sá kúrò nídìí iṣẹ́. Ó jókòó, ó sì kọ orin tó ń ta ko ohun tí àwòrán ń sọ.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 1942 ni wọ́n bí i ní Chicago. Bàbá rẹ̀ filé sílẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ìyá àgbà yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ o. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, Traveling Soul Spiritualist Church, ó sì ń wàásù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ mọ orin. Ní ti owó, kò sí. Láti ilé kan sí òmíràn ni wọ́n ń kó kiri, kó tó di pé wọ́n rí yàrá sí Cabrini-Green, ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù nílùú náà.

Ẹni tó bá ti gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ẹni tó ń ta oògùn olóró níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ àdúgbò ni. Ẹ jọ lọ ilé ìwé ni, ìyá rẹ̀ mọ ìyá rẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀ níwájú.

Curtis fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní gìtá. Dùùrù ló ti kọ́kọ́ mọ̀ díẹ̀díẹ̀, orí àwọn bọ́tìnnì dúdú ni ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń wà. Nígbà tó wá rí gìtá, ńṣe ló to okùn rẹ̀ kó lè dún bí àwọn bọ́tìnnì dúdú yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tò ó. Bó ṣe lò ó títí nìyẹn. Tí ẹlòmíì bá gbé gìtá rẹ̀, kò ní mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Ohùn rẹ̀ náà kò jọ tàwọn ọkùnrin tó kù: ohùn òkè, tín-ín-rín, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí.

Jerry Butler, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ló fà á wọ ẹgbẹ́ tó wá di The Impressions. Lọ́dún 1958, orin wọn For Your Precious Love gbòde kan. Curtis jẹ́ ọmọ bíi ọdún 16 nígbà yẹn. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó tẹ̀ lé orin. Kò pẹ́ tí Butler lọ dá dúró, ẹgbẹ́ sì fẹ́ tú ká. Curtis tẹ̀ lé Butler, ó ń bá a ta gìtá, ó ń bá a kọ orin, ó ń tọ́jú owó tó bá rí. Ìgbà tó yá, ó padà lọ kó ẹgbẹ́ náà jọ. Gypsy Woman tí wọ́n ṣe lọ́dún 1961 ló fi hàn pé ó ti di olórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orin rẹ̀ yí padà. Àsìkò yẹn ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ wọn, tí ọlọ́pàá ń dá ajá sí wọn, tí wọ́n ń jó ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Keep On Pushing jáde lọ́dún 1964, People Get Ready tẹ̀ lé e lọ́dún 1965. Tí o bá fetí sí wọn, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, àfi pé ìrìn àjò tó ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀run nìkan. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó di orin tiwọn.

Àwọn tó fẹ́ràn Bob Marley láàárín yín ti gbọ́ Curtis Mayfield láìmọ̀. Àwọn ọmọ Jàmáíkà wọ̀nyẹn, The Impressions ni wọ́n ń wò bí àwòkọ́ṣe nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. One Love tó wà nínú àwo Exodus ti ọdún 1977, orúkọ méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́: Marley àti Mayfield, torí People Get Ready wà nínú rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1967, We're a Winner jáde. Èyí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ mọ́, ó sọ fún aláwọ̀ dúdú gbangba pé kó gbé orí sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe máa ń parí: tí o bá ti ní kí aráàlú má gbọ́ orin kan, o ti bá onítọ̀hún polówó ọjà nìyẹn. Orin náà gòkè dé ipò kìn-ín-ní láàárín orin àwọn aláwọ̀ dúdú.

Nǹkan míì wà tí àwọn olórin ìgbà náà kì í sábà ní, tí Curtis ní. Ó mọ̀ pé ẹni tó ni orin ló ni owó. Láti kékeré ló ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń dá ẹ̀tọ́ orí orin rẹ̀ dúró sọ́wọ́ ara rẹ̀. Lọ́dún 1968, òun àti Eddie Thomas dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Curtom sílẹ̀. Wọ́n gé orúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lọ́dún 1970, ó kúrò nínú The Impressions, ó gbé àwo tirẹ̀ jáde. Torí náà, nígbà tí àwọn onífíìmù wá bá a, ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n bá.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí. Lọ́dún 1971, Melvin Van Peebles wá owó fúnra rẹ̀, ó ṣe fíìmù kan tí aláwọ̀ dúdú ti sá mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ tó sì yè. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù orin fíìmù náà jáde kó lè fi polówó rẹ̀; Earth, Wind & Fire tí kò tíì lókìkí nígbà náà ló kọ ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Gordon Parks ṣe Shaft, Isaac Hayes sì ṣe orin rẹ̀. Hayes gba ẹ̀bùn Oscar lórí orin náà lọ́dún 1972, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gba ẹ̀bùn orin fíìmù tó dára jù. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá tí ọjà wọn ti ń kùtà wá rí i pé owó wà lápò aláwọ̀ dúdú. Wọ́n bá ya bò ó.

Orúkọ fíìmù tí wọ́n gbé wá bá Curtis ni Super Fly. Gordon Parks Jr., ọmọ ẹni tó ṣe Shaft, ló darí rẹ̀. Phillip Fenty tó kọ ìtàn rẹ̀ àti Sig Shore tó ń gbé e jáde lọ bá Curtis níbi tó ti ń ṣeré ní Lincoln Center, New York, wọ́n fún un ní ìwé ìtàn náà. Ó kà á, ó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kó tó padà délé ni orin ti ń sọ sí i lọ́kàn.

Ìtàn náà nìyí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Priest ń ta kokéènì ní Harlem. Ron O'Neal ló ṣe é. Ó lówó, ó lóge, ó ní mọ́tò, ṣùgbọ́n òwò náà ti sú u. Ó fẹ́ ta ọjà ńlá kan ṣoṣo, kó fi owó rẹ̀ jáde pátápátá. Eddie, ẹnìkejì rẹ̀, kò rídìí tí èèyàn fi máa sá kúrò níbi tí owó wà. Bí ìtàn ṣe ń lọ, a rí i pé àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá gan-an ló wà nídìí ọjà náà. Níkẹyìn, Priest rí wọn fín, ó kó owó rẹ̀, ó lọ.

Nínú ìwé, èyí lè jẹ́ ìtàn ẹni tó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Àmọ́ nígbà tí Curtis rí àwòrán tí wọ́n ti yà, ohun tó rí yàtọ̀. Priest ń fa kokéènì, ó tún ń fà á, aṣọ rẹ̀ ń dán, obìnrin ń rọ̀ mọ́ ọn. Lójú Curtis, ó ti fẹ́ dà bí ìpolówó kokéènì. Ọmọ Cabrini-Green ni, ó mọ ẹni tó máa ra ọjà tí wọ́n ń polówó yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ibi ìnáwó tí wọ́n ti ń lu dùndún mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Akígbe ń fi ẹnu ki olówó, ó ń pè é ní erin, ó ń pè é ní ẹfọ̀n. Ìlù abẹ́ rẹ̀ ń sọ nǹkan míì, ẹni tó gbọ́ ìlù nìkan ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí Curtis ṣe nínú Super Fly nìyẹn. Àwòrán ń ki Priest. Orin ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lábẹ́.

Orin tó ṣí àwo náà, Little Child Runnin' Wild, dá lórí ọmọ tó dàgbà nínú ilé tó ti fọ́, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Kí á tó rí ẹni tó ń ta oògùn, Curtis ti fi ibi tó ti wá hàn wá. Nínú Pusherman, oníṣòwò náà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń ṣe bí ẹbí, ó ń ṣe bí dókítà. Ohùn rẹ̀ dùn, ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Curtis àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fara hàn nínú fíìmù náà, wọ́n ń kọ ọ́ nínú ilé ọtí kan. Orin kan náà ló tún ń lọ níbì kan tí àwòrán dúró, tó jẹ́ fọ́tò lásán ló ń tẹ̀ lé ara wọn: dúdú, funfun, òṣìṣẹ́, olówó, gbogbo wọn ló ń ra kokéènì. No Thing on Me sì jẹ́ orin ẹni tó ń yọ̀ pé oògùn ò lè mú òun so.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Freddie. Fat Freddie kì í ṣe ẹni pàtàkì nínú fíìmù. Ọmọ iṣẹ́ Priest ni, ó sanra, ojú ń rọ̀ ọ́, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n lù ú títí ó fi jẹ́wọ́. Bó ṣe fẹ́ sá lọ, mọ́tò gbá a pa. Fíìmù kò dúró sunkún. Priest ní ọjà láti tà, ìtàn ń sáré lọ. Curtis ló dúró. Òun ló fi odidi orin kan sọ pé Freddie kú, pé wọ́n lò ó, wọ́n sì jù ú nù, pé kò sẹ́ni tó bìkítà. Ó mú ẹni tí fíìmù fi ṣe ẹlẹ́sẹ̀ kẹta, ó sọ ọ́ di òkú tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ̀fọ̀.

Ó sì rí ọgbọ́n dá sí i. Freddie's Dead jáde gẹ́gẹ́ bí rẹ́kọ́ọ̀dù kí fíìmù tó dé sinimá ní oṣù kẹjọ ọdún 1972. Kí àwọn èèyàn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti mọ̀ pé Freddie máa kú, wọ́n sì mọ ohun tó pa á. Nínú fíìmù fúnra rẹ̀, ohùn ìlù àti gìtá orin náà nìkan là ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Torí ìyẹn ni wọn kò fi lè dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà, orí rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ló wà.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀hún tà kọjá sísọ. Freddie's Dead àti Superfly, ìkọ̀ọ̀kan wọn tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwo náà dé ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Owó tó sì wọlé, ọ̀nà Curtom ló gbà wọlé. Ohun kan ba adùn náà jẹ́: Johnny Pate tó bá Curtis to fèrè àti fayolín sínú orin náà, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ bọ̀ tipẹ́, òun àti Curtis jà lórí ta ló kọ àwọn orin tí kò ní ọ̀rọ̀. Pate lọ ṣe orin Shaft in Africa lọ́dún 1973, ìkan nínú rẹ̀ ni Jay-Z wá gé lò lọ́dún 2006.

Ìjà tó tóbi jù wà níta. Lọ́dún 1972 yẹn, Junius Griffin, olórí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ NAACP ní Hollywood, kọjú ìjà sí irú àwọn fíìmù wọ̀nyí. Òun ni wọ́n gbà pé ó fún wọn ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí dòní, blaxploitation, ìyẹn fífi aláwọ̀ dúdú pawó. Àwọn ẹgbẹ́ míì dara pọ̀. Wọ́n ní ìgbà tí aláwọ̀ dúdú máa wá rí ara rẹ̀ lójú sinimá, ṣé ẹni tó ń ta oògùn àti ẹni tó ń ta obìnrin náà ni? Àwọn òṣèré fèsì pé ta ló gbé iṣẹ́ fún àwọn tẹ́lẹ̀? Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ní Harlem wà lára àwọn tó dá owó fi ṣe Super Fly, ọmọ Harlem sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé kí wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú fíìmù òyìnbó?

Lójú tèmi, àwọn tó bínú kò bínú lásán. Gbogbo ẹni tó wọ sinimá ló rí aṣọ; kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ lọ rán ẹ̀wù Priest. Ìyẹn ni ewu ọgbọ́n tí Curtis dá: tí ìlù bá dùn jù, àwọn kan á kàn máa jó ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó má ṣe é, ta ni ì bá dárúkọ Freddie?

Ó tún ṣe orin fíìmù míì, àmọ́ ó máa ń kọ ọ́ fún ẹlòmíì kọ. Gladys Knight kọ ti Claudine lọ́dún 1974, fíìmù nípa ìyá kan tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́fà. The Staple Singers kọ Let's Do It Again lọ́dún 1975, ó dé ipò kìn-ín-ní. Aretha Franklin kọ ti Sparkle lọ́dún 1976. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, orin disco ti gba òde, ọjà Curtis rọlẹ̀. Ó kó lọ sí Georgia, ó ń ṣeré kiri.

Àwọn ọmọ kékeré ló tún wá a rí. Lọ́dún 1988, Ice-T mú Pusherman, ó fi ṣe orin rap tó ń jẹ́ I'm Your Pusher. Oníbàárà wá ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, orin ló ń tà fún un. Ice-T gbọ́ ìlù náà dáadáa ní tiẹ̀. Òun àti Curtis jọ ṣe Superfly tuntun lọ́dún 1990.

Oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ní ọjọ́ kẹtàlá, Curtis lọ ṣeré ní gbangba ní Wingate Field, Brooklyn. Ìjì ń jà. Bó ṣe ń bọ̀ lórí pèpéle pẹ̀lú gìtá rẹ̀, irin gíga tí wọ́n so iná mọ́ wó lù ú. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ara rẹ̀ rọ. Ọmọ ọdún 48 ni. Ọwọ́ tó kọ́ ara rẹ̀ ní gìtá lórí bọ́tìnnì dúdú kò tún ta gìtá mọ́.

Ohùn nìkan ló kù, òun náà kò pé, torí àyà rẹ̀ kò lágbára láti gbé èémí. Ó wá rí i pé tí òun bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí á jáde díẹ̀ sí i. Bó ṣe ṣe àwo New World Order nìyẹn, tó jáde lọ́dún 1996: á kọ ìlà kan, á sinmi, á kọ òmíràn, wọ́n á sì máa tò ó pọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ò ní mọ̀.

Àtọ̀gbẹ tún kọ lù ú, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ́dún 1998. Lọ́dún 1999, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yìí lórúkọ ara rẹ̀; àìlera kò jẹ́ kó lè lọ. Ó jáde láyé ní Georgia ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún náà. Ọmọ ọdún 57 ni.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Kanye West gé Move On Up lò nínú Touch the Sky lọ́dún 2005. Wọ́n tún Super Fly ṣe lọ́dún 2018, wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ lọ sí Atlanta, Future ló bójú tó orin rẹ̀. Ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, ní àkójọ tó fi ń tọ́jú àwọn ohùn àti àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà kò gbọ́dọ̀ pàdánù. Lọ́dún 2019 ni wọ́n kéde pé àwo Super Fly ti wọ ibẹ̀, pẹ̀lú Freddie's Dead àti gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Fíìmù náà kò wọlé títí di ọdún 2022.